Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Mọ Gímíìkì Rẹ́sílà Tó Máa Pẹ́ àti Èyí Tí Ò Ní Pẹ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan kẹ́nikẹ́ni tó dá mi dúró: bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀. A mọ̀ pé wọ́n ti jọ sọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó wọ rìǹgì. Kò sí fíúìn sẹ́ńtà kan l'Abuja, ì báà jẹ́ Kubwa tàbí Nyanya tàbí Mararaba lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ máa wọ̀ tẹ́ ẹ ò ní bá ẹnì kan tó ń dúró de bọ́ọ̀lù níbẹ̀, tó máa nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n pé "irọ́ ni gbogbo eléyìí o, ẹ̀yin àgbà wá jókòó ẹ̀ ń wo irọ́", á wá máa rẹ́rìn-ín bíi pé òun ló tú àṣírí. Àṣírí wo? Láti ọdún 1989 ni ilé iṣẹ́ Vince McMahon fúnra ẹ̀, WWF tí wọ́n wá ń pè ní WWE, ti lọ sọ fáwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré làwọn ń ṣe, kì í ṣe ìdíje, torí wọn ò fẹ́ kí ìjọba máa ṣọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń tú àṣírí yẹn lónìí, ó ti pẹ́ dé.

Ká fìyẹn sílẹ̀ jàre. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí èèyàn ṣe ń wo gímíìkì, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa, ìjà nìkan la máa ń wò, a máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n gbé èèyàn lulẹ̀, àmọ́ a kì í wo ẹni tí ọkùnrin yẹn lóun jẹ́. Gímíìkì ni orúkọ ẹ̀, aṣọ ẹ̀, orin tó fi ń wọlé, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ìlú tó lóun ti wá, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n wò, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa dá ẹni tó máa di ńlá mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n á lò fún oṣù mélòó kan tí wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Èrò tèmi, tí mo máa ń bá gbogbo ayé jiyàn lé lórí, ni pé gímíìkì tó ń pẹ́ ni èyí tó bá jáde látinú ẹni tó ń lò ó, tí wọ́n kàn wá sọ ọ́ di ńlá. Èyí tí wọ́n bá jókòó sí ọ́fíìsì ṣe, tí wọ́n wá ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn, kì í lálẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìrìn

Tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ má dìde lọ ra kúnú, ẹ wo bó ṣe ń jáde. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tó fi ń rìn bọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni gímíìkì wà jù. Ẹ bi ara yín pé: ká ní wọ́n pa ohùn tẹlifíṣọ̀n yìí, tí wọn ò sì kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀, ṣé mo lè sọ irú ẹni tí eléyìí jẹ́? Ti Undertaker, ọmọ ọdún márùn-ún á sọ fún yín. Fìlà dúdú, ẹ̀wù dúdú tó balẹ̀, agogo tó ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo iná á kú, ọkùnrin gíga kan á wá máa bọ̀ tí ò kánjú rárá. Mark Calaway lorúkọ ẹ̀, ọmọ Texas, ó sì ti jà tẹ́lẹ̀ ní WCW, ilé iṣẹ́ tó ń bá WWF díje, tí wọ́n ń pè é ní Mean Mark, èyí tí ò wọ ẹnikẹ́ni lójú. Gíga yẹn náà ló gbé wá, ojú tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn náà ni. Wọ́n kàn sọ fún un pé kó má kánjú, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kó má sì jẹ́ kó hàn pé nǹkan kan ń dun òun. Lọ́dún kejì wọ́n fi Paul Bearer ṣe máńíjà ẹ̀, ọkùnrin ọlọ́ràá kan tójú ẹ̀ funfun báláú, tó ń gbé ìkòkò eérú òkú kiri. Àṣé ọkùnrin yẹn ti kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú òkú lóòótọ́ kó tó dé ìdí rẹ́sílìn, ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe bára mu.

Wàyí o, alẹ́ tí Undertaker kọ́kọ́ jáde, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1990, níbi eré ńlá tí wọ́n ń pè ní Survivor Series ní ìlú Hartford, alẹ́ yẹn náà ni ẹyin ràgàjì kan pa, ẹyin tí wọ́n ti ń gbé kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé kí gbogbo èèyàn máa retí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ohun tó jáde ni ọkùnrin tó wọ aṣọ tòlótòló. Gobbledy Gooker ni wọ́n pè é, ó ń jó, òun àti oníròyìn wọn jọ ń jó láàárín rìǹgì, àwọn èrò ń hó lé wọn lórí. Hector Guerrero ló wà nínú ẹ̀ o, ìdílé tó lórúkọ nínú rẹ́sílìn Mẹ́síkò, ẹ̀gbọ́n Eddie Guerrero, ó mọṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ fi iṣẹ́ ṣe nínú ìyẹ́ tòlótòló? Ilé kan náà, alẹ́ kan náà, ọ̀gá kan náà ló fọwọ́ sí méjèèjì. Ọ̀kan ò rí ibi lọ, èkejì lo ọgbọ̀n ọdún gbáko, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2020 ló dágbére. Láàárín ẹ̀ ó borí nígbà 21 ní WrestleMania, eré ọdọọdún wọn tó tóbi jù, láì pàdánù ẹyọ kan, kí Brock Lesnar tó wá bà á jẹ́ lọ́dún 2014 ní New Orleans. Ẹ lọ wo ojú àwọn tó jókòó síbẹ̀ lálẹ́ yẹn, àgbà ọkùnrin lanu sílẹ̀.

Nígbà tá a wà ní kékeré, wọ́n máa ń sọ fún wa pé Undertaker ti kú lẹ́ẹ̀meje, ó sì jí lẹ́ẹ̀meje. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Ìlọrin, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Kàdúná, aláàárẹ́wà kan tó ń sun súyà ládùúgbò wa ṣì máa fi wallahi búra sí i títí dòní. WWE ò kọ ìtàn yẹn, àwa la bá wọn kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá rí gímíìkì tí àwọn ọmọdé ti ń bá wọn kọ apá tó kù, ẹ má wulẹ̀ dán an wò mọ́, ó ti yè.

Àwa Yorùbá ló sì yẹ kí eléyìí yé jù. Eégún jáde, gbogbo agboolé mọ ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀, ta ló máa wá dìde láàárín ọjà kó ní "brọ̀dá lágbájá, ẹ kúuṣẹ́ o"? Ará ọ̀run ni títí á fi wọ igbàlẹ̀. Àwọn rẹ́sílà náà nírú òfin yẹn, kayfabe ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì mú un le nígbà kan. Lọ́dún 1987, ọlọ́pàá dá mọ́tò kan dúró ní New Jersey, wọ́n bá Hacksaw Jim Duggan àti Iron Sheik nínú ẹ̀ pẹ̀lú oògùn olóró. Àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n jẹ́ ọ̀tá, ọ̀kan ń gbé àsíá Amẹ́ríkà kiri, èkejì ń gbé ti Ìránì, wọ́n jókòó sínú mọ́tò kan náà wọ́n ń gbafẹ́ lọ. Wọ́n lé àwọn méjèèjì, àwọn ará inú iṣẹ́ á sì sọ fún yín pé ìjókòó pọ̀ yẹn dùn wọ́n ju oògùn lọ.

Ẹ wádìí ohun tó ti jẹ́ kọjá

Tẹ́nì kan bá wù yín, ẹ fi dátà kékeré wá orúkọ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wo gímíìkì tó ti lò kó tó di tòní. Ibí yìí lẹ ti máa kẹ́kọ̀ọ́ jù lọ, torí pé èèyàn kan náà ni, ara kan náà, agbára kan náà, gímíìkì nìkan ló yàtọ̀.

Steve Austin. Nígbà tó dé WWF, Ringmaster ni wọ́n pè é, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996 nìyẹn, Ted DiBiase ló sì ń gbẹnu sọ fún un. Ẹ gbọ́ mi, Steve Austin, ẹni tó jẹ́ pé ẹnu gan-an lohun ìjà ẹ̀, ni wọ́n wá ẹlòmíì tó máa gbẹnu sọ fún un! Òun fúnra ẹ̀ ló lọ bá wọn pé kí wọ́n jẹ́ kóun yí i padà, kóun jẹ́ ọ̀dájú èèyàn tí ò láàánú ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá kọ orúkọ ránṣẹ́ sí i, Fang McFrost wà lára ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu. Ó máa ń sọ ọ́ pé ìyàwó òun nígbà yẹn, ọmọ ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé tíì fún òun, tó ní kóun tètè mu ún kó tó di stone cold, ìyẹn kó tó tutù nini. Bí Stone Cold ṣe dé nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún yẹn ó ti gba ìdíje King of the Ring, ó dúró síwájú máìkì ó sọ ọ̀rọ̀ Austin 3:16 tí gbogbo Amẹ́ríkà wá ń wọ̀ sáyà.

Glenn Jacobs náà rèé. Lọ́dún 1995 dókítà eyín ni wọ́n fi ṣe, Isaac Yankem, eyín bíbàjẹ́ lẹ́nu dókítà eyín. Ìgbà tíyẹn ò ta, wọ́n ní kó máa ṣe bíi Diesel, ẹni tó ti kúrò nílé iṣẹ́ yẹn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń bára wọn díje. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé eléyìí kì í ṣe Diesel, ojú wa ò fọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni wọ́n wá fi ìbòjú sí i lójú, wọ́n ní Kane ni, àbúrò Undertaker tíná jó. Ó já ilẹ̀kùn àgò irin tí Undertaker ti ń jà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kúrò, gbogbo ìtàn yí padà. Lọ́dún 2018 ó di olórí ìjọba Knox County ní Tennessee, wọ́n dìbò fún Kane, àwa tá à ń pariwo òṣèlú Naijíríà.

Charles Wright ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí pẹ́, torí tèmi ni, tiyín náà ni. Lọ́dún 1992 WWF gbé ọkùnrin yìí jáde, wọ́n ní Papa Shango ni. Ṣàngó o! Mo rántí bí inú mi ṣe dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, mo ní a ti dé, mo ń retí oṣé, mo ń retí bàtá, mo ń retí irun dídì àti aṣọ pupa àti iná lẹ́nu. Ohun tó jáde ni ọkùnrin tó fi funfun kun ojú bí agbárí òkú, tó dé fìlà gíga dúdú òyìnbó, tó ń gbé agbárí tó ń rú èéfín kiri, tó ń ṣépè fún Ultimate Warrior títí tíyẹn fi ń bì. Àwọn tó ṣe é, nǹkan tí wọ́n ti rí nípa vodou Haiti ni wọ́n pò pọ̀, wọ́n wá wá orúkọ tó dún bí ohun abàmì, wọ́n sì ri Ṣàngó. Kò sí àrá níbẹ̀, kò sí ọba Ọ̀yọ́ níbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Àwọn kan ṣì fẹ́ràn ẹ̀ torí ó ń bà wọ́n lẹ́rù lọ́mọdé, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n gímíìkì yẹn ò lọ jìnnà. Wọ́n pa á tì, wọ́n sọ ọ́ di Kama, wọ́n tún un ṣe di Kama Mustafa, kó tó wá di Godfather lọ́dún 1998, alágbàtà aṣẹ́wó tó ń jó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, tó ń bá gbogbo èrò ṣeré. Ẹ wo ojú ẹ̀ nínú Godfather, ẹ máa rí i pé ara ẹ̀ ni, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Godfather yẹn ni wọ́n sì fi gbà á sínú Hall of Fame, ilé ọlá àwọn rẹ́sílà, lọ́dún 2016, kì í ṣe Shango.

Bianca Belair náà, kí n tó kúrò níbí. Eré sísá ló ń sá ní yunifásítì, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ rán aṣọ tó fi ń jà, irun dídì tó gùn kọjá ìdí yẹn ló fi ń na èèyàn bí ẹgba. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ẹ tẹ́tí sí èrò, ẹ má tẹ́tí sí àwọn tó ń ròyìn

Ẹni rere ni wọ́n ń pè ní babyface, ẹni burúkú ni heel, ṣùgbọ́n áktọ̀ àti bọ́ọ̀sì la fi dàgbà, òun ni màá lò. Àwọn oníròyìn wọn á máa sọ fún yín pé ẹni báyìí ni áktọ̀, ẹ má dá wọn lóhùn, owó ni wọ́n ń gbà. Èrò ni kẹ́ ẹ gbọ́.

Rocky Maivia dé lóṣù kọkànlá ọdún 1996, ọmọ Rocky Johnson, ọmọ ọmọ Peter Maivia, orúkọ bàbá àti ti bàbá ìyá ni wọ́n so pọ̀ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, irun ẹ̀ dúró gangan, wọ́n gbé bẹ́líìtì fún un láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn èrò wá ń kọrin pé kí Rocky kú. Kí ló ṣe wọ́n? Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n kàn mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n fi tipátipá gbé e fún àwọn ni. Ìgbà tó wọ ẹgbẹ́ Nation of Domination lọ́dún 1997, tí wọ́n jẹ́ kó máa bú àwọn èrò padà, ibẹ̀ ni The Rock ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbéraga yẹn, ìyẹn ni tiẹ̀.

Bákan náà ni Roman Reigns. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sọ fún wa pé òun ni áktọ̀, lọ́dún 2015 tó gba ìdíje Royal Rumble ní Philadelphia wọ́n hó lé e lórí, The Rock fúnra ẹ̀ jáde wá dúró tì í, wọ́n hó lé àwọn méjèèjì. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó jẹ́ kó di bọ́ọ̀sì, Paul Heyman lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó máa pàṣẹ fáwọn ìbátan ẹ̀, kó máa wọ ẹ̀gbà pupa àwọn ará Samoa sọ́rùn. Ó di bẹ́líìtì Universal mú fún ọjọ́ 1,316. Ẹ sì jẹ́ ká rántí pé ìdílé Anoa'i tí Roman ti wá náà ni Yokozuna ti wá, Rodney Anoa'i, tí wọ́n wá sọ di ará Japan lọ́dún 1992 ṣáá, tí wọ́n fún un ní máńíjà tí wọ́n lóun náà jẹ́ ará Japan àti iyọ̀ tó ń dà. Ẹ lè sọ pé Yokozuna náà di ṣáńpíọ̀nù, ó tiẹ̀ na Hulk Hogan, ṣé ìyẹn ò ba òfin tèmi jẹ́? Ó bà á jẹ́ díẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ara ńlá tó yára yẹn kì í ṣe ti Japan, tiẹ̀ ni, ara yẹn ló gbé gímíìkì yẹn rù.

Ti John Cena ṣòro, mi ò ní purọ́. Ó dé lọ́dún 2002, ó ń wọ ṣòkòtò péńpé aláràbarà, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀, wọ́n ti fẹ́ máa lé e lọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ tó ń kọ ráàpù nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò. Wọ́n ní kó máa ṣe é lórí rìǹgì, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yí padà. Lẹ́yìn ìgbà tó wá di áktọ̀ pátápátá, àwọn ọmọdé àti obìnrin ń yìn ín, àwọn ọkùnrin ń bú u, àwọn méjèèjì ń kọrin pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan náà. Wọn ò sọ ọ́ di bọ́ọ̀sì títí di oṣù kẹta ọdún 2025, ó wá fẹ̀yìn tì lóṣù kejìlá ọdún yẹn náà, Gunther ló mú un tọ́wọ́ sílẹ̀. Ní tèmi o, ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó yí i padà, àwọn ọmọ tó ń fọwọ́ jù síwájú ojú pé "o ò lè rí mi" l'ójú títì Lugbe á bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn èrò tó ń yí padà láàárín ìjà kan ṣoṣo, Bret Hart àti Austin ni, WrestleMania 13, Rosemont lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, oṣù kẹta ọdún 1997. Bret wọlé ní áktọ̀, Austin ní bọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ bo Austin lójú, Bret fi Sharpshooter dì í lẹ́sẹ̀, ó kọ̀ ó lóun ò ní juwọ́ sílẹ̀, ó dákú síbẹ̀. Bret ò fi í sílẹ̀, ó tún ń lù ú. Nígbà tí Austin fi máa dìde fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde, tiẹ̀ ni gbogbo èrò ń ṣe.

Tí wọ́n bá ní "ó wá láti Áfíríkà"

Ibí ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa. Kamala tí wọ́n ń pè ní òmìrán Ùgáńdà, tó máa ń wọlé láìwọ bàtà, tó ń mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, tó ń lu ikùn ara ẹ̀, James Harris lorúkọ ẹ̀, ọmọ Mississippi, ó máa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀rọ̀ kan kì í jáde lẹ́nu ẹ̀, torí wọ́n gbà pé ará Áfíríkà ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó dùn ún wò, ó sì ń bí mi nínú, méjèèjì pọ̀.

Kofi Kingston, ọmọ Gánà gidi ni, Kofi Sarkodie-Mensah. Nígbà tó dé lọ́dún 2008, wọ́n ní ará Jàmáíkà ni, ó ń fọ èdè Jàmáíkà, àwọn ará Gánà ń wo ọmọ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń pe ara ẹ̀ ní ọmọ ibòmíì. Lọ́dún 2009 ni wọ́n pa Jàmáíkà tì láìṣàlàyé. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti dé, ní WrestleMania 35, oṣù kẹrin ọdún 2019, ó na Daniel Bryan, ó gba bẹ́líìtì WWE, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Áfíríkà tó gbà á. Àwọn ọmọ ẹ̀ gun rìǹgì wá bá a. Mo mọ àwọn ọkùnrin tó sunkún lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n ní eruku ni.

Apollo Crews wá rèé. Sesugh Uhaa, orúkọ Tiv gidi, Benue níbí yìí, ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Abuja láàárọ̀ á dé Mákurdi kó tó di ọ̀sán. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Fún ọdún bíi márùn-ún ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, kò ní gímíìkì kankan. Lọ́dún 2021 wọ́n ní ọmọ ọba Naijíríà ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ọmọ Tiv kankan, ó ń mú ọ̀kọ̀ rìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró tì í. Ní WrestleMania 37 òun àti Big E ja ìjà tí wọ́n pè ní Nigerian Drum Fight, wọ́n to ìlù àti agogo yí rìǹgì ká. Ìlù tí wọ́n jù sí èèyàn lórí! Aláyàn kan ì bá dé ibẹ̀, ì bá bá wọn ṣẹjọ́. Ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ tó fi borí ni ọkùnrin gìrìwò kan tí wọ́n pè ní Commander Azeez. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́? Babatunde Aiyegbusi. Pólándì ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ ọmọ Naijíríà, ó ti gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá Amẹ́ríkà. Babatunde wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ́kọ́ yí i sí Dabba-Kato, wọ́n tún yí i sí Azeez. Gímíìkì ọmọ ọba yẹn ti kú kí ọdún méjì tó pé. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ní ìtàn gidi lọ́wọ́, aṣọ A'nger aláwọ̀ dúdú òun funfun àwọn Tiv rèé, ijó wọn rèé, wọn ò béèrè.

Omos, ìyẹn Tolulope Omogbehin tí wọ́n bí l'Ékòó, ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje àti íńṣì mẹ́ta, ìjà àkọ́kọ́ tó jà ní WrestleMania 37 yẹn náà ló ti gba bẹ́líìtì pẹ̀lú AJ Styles. Gíga nìkan ni wọ́n fún un. Gíga kì í ṣe gímíìkì o, ẹ béèrè lọ́wọ́ Undertaker.

Ẹ wá fi gbogbo ìyẹn wé Oba Femi. Isaac Odugbesan, ó ju irin ní yunifásítì Alabama kó tó wọ rẹ́sílìn, lóṣù kìíní ọdún 2025 ó gba bẹ́líìtì NXT, ẹ̀ka WWE tó wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ọba lóun, kò sì mú ọ̀kọ̀, kò kun ojú, kò yí ohùn padà. Ẹ wo bó ṣe ń dúró. Ó dúró gangan, ó ń wo èèyàn látòkè wá sísàlẹ̀, kò sáré sí ẹnikẹ́ni, tó bá wá di ìgbà tó fẹ́ ṣe é ó sọ ẹni yẹn sókè bí ọmọ ọwọ́ ó gbé e lulẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síbi oyè jíjẹ rí mọ ìdúró yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i mo sọ fáwọn tá a jọ jókòó pé eléyìí ò ní kú, wọ́n ní mo ń ṣe ẹ̀yà ni. Bóyá mò ń ṣe é lóòótọ́.

Ẹ dé Dei-Dei

Tẹ́ ẹ bá wà l'Abuja, ẹ lọ wo dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa, ní Dei-Dei. Ìyẹn ò sí irọ́ níbẹ̀ rárá, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi aṣọ àti okùn dì, òun ni wọ́n fi ń gba ẹ̀ṣẹ́, ẹni tó bá kanlẹ̀ ti lọ. Iṣẹ́ àwọn alápatà Hausa ni látijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn oníjà yẹn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ ìjà ni kálukú ń jẹ́, ẹni tó ń fọwọ́ òsì jà á máa jẹ́ Bahago nǹkan kan, àbíkẹ́yìn á máa jẹ́ Auta nǹkan kan, onílù ń lù ú, ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń nawọ́ sí alátakò. Ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló fi ṣe orúkọ. Ẹ gba ijókòó ẹ̀yìn díẹ̀ o, àwọn tó wà níwájú máa ń gba oníjà mọ́ra nígbà míì láì fẹ́.

Ẹ sì bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ eré nínú ọrùn, ẹni tó bá gbé àbúrò ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó ní chokeslam ni, ìyẹn kí wọ́n di èèyàn lọ́rùn mú kí wọ́n gbé e lulẹ̀, ẹ gba rìmóòtù lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n jà, wọ́n ṣì ń ṣèṣe.

Tí dátà yín bá kéré, ìwọlé nìkan ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: ti Undertaker ọdún 1990, ti Papa Shango, ti Godfather, ti Apollo ọdún 2021, kẹ́ ẹ wá wo ti Oba Femi tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ pa ohùn ẹ̀, ẹ wá tún un wò pẹ̀lú ohùn. Ti Bret àti Austin gùn, ẹ dúró kí dátà òru bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó.